Ẹ̀jẹ̀ Ara Ẹni Fún Irun Orí Ẹni: Ibi Tí Abẹ́rẹ́ PRP Ti Wá

Ọ̀rọ̀ irun la gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Fídíò kan ń lọ káàkiri lórí fóònù àwọn obìnrin wa. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ lápá obìnrin kan, wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń yí bí òkòtó, wọ́n fa omi pupa rúsúrúsú kan jáde nínú rẹ̀, wọ́n sì ń fi abẹ́rẹ́ gún un sí iwájú orí rẹ̀ níbi tí irun ti tán. PRP ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà mẹ́ta yìí kò yí padà, ì báà jẹ́ Faransé lẹ fi kàwé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa níbí, tí irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ ti sá sẹ́yìn títí kọjá òkè etí, ti ń dá àjọ kó lè lọ ṣe é l'Ékòó. Ó bi wá pé kí la rí sí i. A kò fẹ́ dá a lóhùn láìmọ̀dí, ìyẹn la fi lọ wá ìtàn ọ̀rọ̀ náà, ti ilé àti ti òde.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí a gún orí kí oògùn lè wọ ibẹ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí Yorùbá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, sọ bí wọ́n ṣe ń fi ènìyàn jẹ Ìlàrí láàfin Ọ̀yọ́. Wọ́n á fá orí onítọ̀hún kodoro, wọ́n á sín in ní gbẹ́rẹ́ ní ìpàkọ́, wọ́n á fi oògùn ra á. Láti ìgbà náà lọ, apá kan orí rẹ̀ ni yóò máa dán, irun yóò wà ní apá kejì, ẹni tó bá sì rí i yóò mọ̀ pé ońṣẹ́ ọba ló ń bọ̀. Ọ̀nà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ ń gbà ṣòwò dé Àjàṣẹ́ láyé ọjọ́un gba agbègbè Ìfọ̀nyìn wa yìí, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí àwọn baba ńlá wa ti rí irú orí bẹ́ẹ̀ kó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà.

Lẹ́yìn wọn ni onígbàjámọ̀, tó ń gbé àpò abẹ kiri láti abúlé dé abúlé. Ó ń fárí, ó ń kọlà, ó ń dábẹ́ fún ọmọ. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n abẹ náà ti kan orí ẹlòmíì kó tó kan tiwa, omi inú igbá kan náà ni wọ́n sì fi ṣàn án. Kò sẹ́ni tó bèèrè nígbà náà. Ní 1985 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní àrùn éèdì ní Benin, ní 1986 Nàìjíríà kéde tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú abẹ tuntun tiwọn dání lọ sọ́dọ̀ onífárí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ abẹ yìí sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Ti obìnrin ló gùn jù nínú ìtàn irun. Ṣùkú, pàtẹ́wọ́, kòlẹ́sẹ̀, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ká má tíì dé orí irun òwú tí wọ́n ń kó dúró gangan bí ilé alájà. Ọkùnrin kan wà ní Nàìjíríà, J.D. 'Okhai Ojeikere, oníṣẹ́ fọ́tò tí wọ́n bí ní 1930. Láti 1968 ló ti ń ya àwòrán irun àwọn obìnrin, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ó sì yà tó bí 1,000 kó tó kú ní 2014. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn àwòrán náà, irun orí ẹni gan-an àti òwú dúdú ni wọ́n fi dá gbogbo àrà yẹn.

A kò sọ pé ti àtijọ́ kì í fa orí o. Ta ni kò rántí ìyá tó fi orúnkún méjèèjì há wa lórí mọ́, tí ojú fà sókè, tí a kò lè fi ẹ̀gbẹ́ orí lélẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ náà? Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì wọ́n á tú u, wọ́n á fi àdí pa awọ orí, orí á sinmi. Irun wa ayé ìsinsìnyí kò mọ ìsinmi. Rilásà ti kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́, mẹ́ẹ̀sì tó wúwo tún gun orí rẹ̀, yóò wà níbẹ̀ fún oṣù kan àti ààbọ̀, ọjọ́ tí a bá tú u náà la ó dì òmíràn. Bí kò bá sí mẹ́ẹ̀sì, wíìgì tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ mọ́ iwájú orí ni.

Bí ó ti ń jẹ irun ẹ̀gbẹ́ orí nìyẹn. Kì í ṣe àrùn aláwọ̀ dúdú nìkan. Ní 1907, Rudolf Trebitsch, dókítà ará Austria, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin Greenland, ilẹ̀ yìnyín lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń so irun wọn le sókè débi pé ẹ̀gbẹ́ orí wọn pá. Tí ẹ bá wá fẹ́ gbọ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, Nonhlanhla Khumalo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town gbé ìwádìí jáde ní 2007: nínú 100 obìnrin tí wọ́n yẹ orí wọn wò, bí 32 ló ní irú pípá yìí. Ọkùnrin kò ju bí 2 lọ. Wọ́n sì rí i pé ó burú jù níbi tí wọ́n ti fi ìdì líle lé orí irun tí rilásà ti kàn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti ẹ̀jẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, yàtọ̀ sí èyí tó pupa àti èyí tó funfun, àwọn wóró tín-tìn-tín kan wà tó ń jẹ́ platelet. Àwọn ló máa ń sáré pé jọ síbi ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Giulio Bizzozero, ará Ítálì, ló ṣàlàyé iṣẹ́ wọn ní 1882. Ó tó bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ wọn kò parí síbẹ̀: ní 1974, Russell Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé platelet máa ń tú nǹkan kan jáde tó ń mú kí ara hù padà. Nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí kò tó ẹ̀kán omi kan, 150,000 sí 400,000 wọn ló ń lúwẹ̀ẹ́. Tí ẹ̀rọ bá yí ẹ̀jẹ̀ náà, èyí tó pupa á sọ̀ kalẹ̀, omi rúsúrúsú á léfòó, platelet á sì pọ̀ lápá ìsàlẹ̀ omi náà. Omi tí wọ́n kó platelet jọ sínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni PRP.

Ẹ wo bí ó ṣe rìnrìn àjò dé orí obìnrin. Ní 1987, àwọn dókítà Ítálì lò ó níbi iṣẹ́ abẹ ọkàn, kí wọ́n lè dín ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì tí wọ́n ń fà sára aláìsàn kù. Ní 1998, Robert Marx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pò ó mọ́ egungun tí wọ́n fi ń tún párì ẹnu ṣe, egungun náà sì yára hù. Ní 2006 ló tó dé orí: Carlos Uebel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Brazil rẹ gbòǹgbò irun sínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín sórí 20 ọkùnrin tó pá, èyí tí wọ́n rẹ sì fi bí ìdá 15 nínú 100 hù ju èyí tí wọn kò rẹ lọ. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, pípá tí baba ń fi jogún fún ọmọ ni tiwọn, irun ni wọ́n sì gbìn. Láti ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti wá ń gún omi náà nìkan, láìgbin irun kankan.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àbúrò wa. Púpọ̀ nínú ìwádìí tó sọ pé PRP ń ràn irun lọ́wọ́, orí pípá àjogúnbá ló dá lé. Níbẹ̀, ó máa ń mú irun ki díẹ̀ fún ẹlòmíì, ó máa ń dùn nígbà tí wọ́n bá ń gún un, bí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì máa ń ṣe é ní oṣooṣù kí wọ́n tó máa tún un ṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan kó parí. Tẹ ẹni tí ìdì fà jẹ yàtọ̀. Bí ó bá ṣì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, tí èékú irun ṣì ń yọ lẹ́nu ihò wọn, títú mẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ nìkan lè dá irun padà láàárín oṣù mélòó kan. Bí ó bá ti pẹ́ tí awọ ibẹ̀ ń dán bíi gíláàsì, àpá ti dí ojú ihò irun. Ajílẹ̀ kò sì ń mú àgbàdo hù níbi tí kò sí kóró. Irun ẹlòmíì ń já nítorí làpálàpá orí, nítorí ẹ̀jẹ̀ tó kéré, tàbí nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ti abiyamọ máa ń padà fúnra rẹ̀. Tí wọn kò bá kọ́kọ́ yẹ orí wò láti mọ èyí tó jẹ́, owó àjọ nìkan ni abẹ́rẹ́ náà máa fá kodoro.

Ọ̀rọ̀ abẹ tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn wá dé. Ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní Amẹ́ríkà, ilé ìṣaralóge kan wà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ènìyàn àti abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ tún ojú rẹ̀ ṣe. Ìjọba ti í pa ní 2018. Ìwádìí tí iléeṣẹ́ ìlera wọn, CDC, gbé jáde ní 2024 fi hàn pé àwọn obìnrin kó kòkòrò éèdì níbẹ̀. Wọ́n bá abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, wọ́n sì bá ìgò ẹ̀jẹ̀ tí kò sí orúkọ lára rẹ̀ nínú fìríìjì tí oúnjẹ wà. Ní Amẹ́ríkà lèyí ṣẹlẹ̀ o. Igbá omi onígbàjámọ̀ ló tún yọjú, wọ́n kàn gbé ẹ̀rọ tì í ni. Nítorí náà, ẹni tó bá máa ṣe PRP, ojú rẹ̀ gan-an ni kí wọ́n ti já abẹ́rẹ́ tuntun, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò kó tó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń ṣe é sì jẹ́ dókítà, kó má jẹ́ onídìrí tó ra ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

A ka gbogbo èyí fún àbúrò wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó gbọ́, ó dákẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wá máa wé gèlè títí ni?" A kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀. A ní kó jẹ́ ká wo orí rẹ̀ nínú oòrùn. Lókè etí ọ̀tún, ó ń dán. Lápá òsì, a rí àwọn irun kúkúrú bí i ti ọmọ ọwọ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú awọ ara wà ní CNHU ní Kútọnu, kò sì pọn dandan kó kọjá bọ́dà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló ń lọ. Ó ti tú mẹ́ẹ̀sì náà. Owó àjọ ṣì wà lọ́wọ́ ìyá alájọ.