Láti Òṣómàáló dé Áàpù Ayánilówó

Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láti Iléṣà dé Ìwàrà, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé Òṣómàáló fún. Àwọn oníṣòwò aṣọ tí wọ́n ń tajà láwìn káàkiri ìlú onílùú nígbà ìjọba àwọn òyìnbó ni wọ́n. Bí ọjọ́ owó bá pé tí oníbàárà kò rí i san, Òṣómàáló a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Ìtìjú ńlá ni, ó sì ń kan aráalé àti aládùúgbò. Síbẹ̀ ó ní ààlà: kò kọjá ibi tí ojú àti etí lè dé.

Ààlà yìí ni áàpù ayánilówó wó. Bí ènìyàn bá ti gbé irú rẹ̀ sórí fóònù, tó sì fọwọ́ sí ohun gbogbo tó béèrè láìkà á, gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà tó tọ́jú síbẹ̀ ti di ti ayánilówó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA bu ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé iṣẹ́ Soko Lending, tó ni Sokoloan. Oníbàárà kan kò rí owó san lọ́jọ́ tó yẹ, ni ilé iṣẹ́ náà bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀dí owó tí wọ́n yá. Àjọ náà tún rí i pé wọ́n ti fi ohun tó ń tọpinpin oníbàárà sínú áàpù náà, tó ń kó ìsọfúnni rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìjẹ́ kó mọ̀. Ẹnìkan ló sá jókòó ti kọ̀ǹpútà tó kọ ọ́ síbẹ̀.

Òfin wo ni wọ́n fi mú wọn? Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dáàbò bo ilé, lẹ́tà, ìpè tẹlifóònù àti wáyà ọmọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ló tún ń tẹ wáyà lóde òní? Ìlànà NDPR, tí NITDA gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2019, ni wọ́n gùn lé. Ìlànà àjọ lásán ni. Ilé aṣòfin kò lọ́wọ́ sí i. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú tó buwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà (kì í ṣe dátà tí à ń rà sórí fóònù o, ìsọfúnni nípa ènìyàn ni òfin ń pè bẹ́ẹ̀). Òfin náà ló fìdí àjọ NDPC múlẹ̀.

Ọmọ wa tó bá ń kọ áàpù lónìí kò gbọdọ̀ fi òfin yìí sílẹ̀ fún lọ́yà nìkan. Ó ní kí a gba kìkì ìsọfúnni tí iṣẹ́ náà nílò, kí yíyọwọ́ sì rọrùn fún oníbàárà bí fífọwọ́ sí i ṣe rọrùn. Bí ìsọfúnni bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè kó àwọn tó ni ín sínú ewu, NDPC gbọdọ̀ gbọ́ láàárín wákàtí 72. Ìtanràn ilé iṣẹ́ ńlá lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú 100 owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù. Google alára ti fòfin dè é láti ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé áàpù ayánilówó orí àtẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí àwòrán inú fóònù oníbàárà.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kò tí ì fiyè sí ni ti ẹni tó ni nọ́ńbà. Àna tàbí ọ̀gá tí àtẹ̀jíṣẹ́ gbèsè ká mọ́lé ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lábẹ́ òfin ọdún 2023, nítorí ìsọfúnni tirẹ̀ náà ni wọ́n lò. Kò jẹ gbèsè, kò ṣe onídùúró, ó sì lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NDPC lórúkọ ara rẹ̀.