Epo Lórí Pákó, Ihò Nínú Bọ́ọ̀lù: Ìtàn Ọgbọ́n Kan Nínú Eré Bóólíǹgì

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó lọ sí Abuja ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, oríṣiríṣi eré ìgbafẹ́ àwọn ará òkèèrè ni ó ti wọ olú-ìlú náà. Bóólíǹgì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ilé ìgbafẹ́ Dome sì wà lára àwọn ibi tí àwọn ará ìlú ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò rò pé agbára apá nìkan ni eré náà gbà: ènìyàn gbé bọ́ọ̀lù wíwúwo, ó yí i lórí pákó gbọọrọ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 60, kí ó lè bi igi mẹ́wàá tí wọ́n tò sí ìpẹ̀kun rẹ̀ wó. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ tààrà láìyà, tí igi mẹ́ta péré ṣubú, ẹ̀rín ni àwọn òǹwòran yóò fi ẹni náà rín. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ pinpin ìtàn eré yìí, a ó rí i pé ẹ̀bi náà kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ti ọwọ́ tí ó yí bọ́ọ̀lù.

Epo ni ó fa gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ojú òǹwòran kì í sábà rí i, ṣùgbọ́n epo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n máa ń fi pa ojú pákó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kí pákó má baà tètè jẹ ni wọ́n ṣe ń pa á, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó lè wúwo tó pọ́n-ùn 16 kì í ṣe ohun tí igi lè máa gbà mọ́ra lójoojúmọ́. Epo yìí kì í dé ìpẹ̀kun. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó máa ń parí sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 40, ìyókù a sì gbẹ. Bọ́ọ̀lù yóò máa yọ̀ lọ lórí epo. Nígbà tí ó bá kan ibi gbígbẹ, yóò di pákó mú, yóò sì yà wọ àárín àwọn igi. Yíyà yìí gan-an ni àwọn ọ̀jáfáfá ń wá, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé a máa wó igi ju èyí tí ó lọ gbọnrangandan lọ. Níbi tí epo bá ti pọ̀ jù, bọ́ọ̀lù tí kò bá a mu yóò yọ̀ títí tí ilẹ̀ yóò fi tán kí ó tó ráyè yà.

Láyé àtijọ́, igi líle kan tí ń jẹ́ lignum vitae, tí ó ń hù ní àwọn erékùṣù Caribbean, ni wọ́n fi ń gbẹ́ bọ́ọ̀lù náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, rọ́bà líle gba ipò igi. Lẹ́yìn náà ni ike polyester dé. Ẹgbẹ́ American Bowling Congress, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1895, ni ó ń ṣòfin lórí bọ́ọ̀lù, igi àti pákó ní Amẹ́ríkà títí di ọdún 2005. Ẹgbẹ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù wọ̀n dáadáa yìí kò gba àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́ra títí di ọdún 1950. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Detroit ní ọdún 1939.

Ọdún 1973 ni àṣírí bọ́ọ̀lù tú síta. Don McCune, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi eré náà jẹun, ki bọ́ọ̀lù ike rẹ̀ bọ inú kẹ́míkà kan títí ara rẹ̀ fi rọ̀. Bọ́ọ̀lù tí ó rọ̀ a máa di pákó mú ju èyí tí ó le lọ. Ife-ẹ̀yẹ mẹ́fà ni McCune gbà lọ́dún náà! Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ fi ṣòfin lórí bí bọ́ọ̀lù ṣe gbọ́dọ̀ le tó, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé ara bọ́ọ̀lù lè borí apá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, bọ́ọ̀lù urethane jáde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ti rẹ́sínì tẹ̀lé e. Rẹ́sínì yìí ní ihò wínníwínní tí ń fa epo mu, bí kànìnkànìn ti í fa omi. Fún pákó tí epo pọ̀ lórí rẹ̀, òun ni àwọn amòye ń yàn, wọn a sì fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ kí ó má baà dán.

Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù tí wọ́n yàn dáadáa lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí yóò lu ihò rẹ̀. Àwọn tí ń lu ìlẹ̀kẹ̀ òkúta ní Ìlọrin mọ̀ pé àárín gbùngbùn ni ihò gbọ́dọ̀ gbà. Ti bóólíǹgì kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ìgbàlódé, ohun wíwúwo kan wà tí kò rí roboto, wọ́n sì fi àmì kékeré kan sí ara bọ́ọ̀lù láti fi hàn ibi tí orí rẹ̀ wà. Alu-ihò yóò kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí ọwọ́ oníbọ́ọ̀lù ń gbà yí i, kí ó lè mọ ojú ibi tí bọ́ọ̀lù náà ń pòòyì lé. Bí àmì náà bá jìnnà sí ojú ibẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì mẹ́ta àti díẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò máa mì bí òkòtó tí ń pòòyì lọ. Mímì yìí kì í ṣe àbùkù rárá. Ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá yí po, ara tuntun tí epo kò tíì kàn ni yóò máa fi kan pákó. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń rí ilẹ̀ dì mú láàárín epo púpọ̀. Ìka pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀: oríkèé àkọ́kọ́ nìkan ni àwọn ọ̀jáfáfá ń ki bọ ihò, kí wọ́n lè fi ìka ta bọ́ọ̀lù náà kí ó pòòyì dáadáa. Nígbà kan, wọn a tún lu ihò àfikún tí ìka kankan kò wọ̀, láti fi tún ìwúwo bọ́ọ̀lù ṣe. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni òfin Amẹ́ríkà ti fòpin sí i.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bóólíǹgì tíì wọ Eré Ìdárayá Àjọ Commonwealth, ní Kuala Lumpur ní ọdún 1998. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀, nítorí àjọ náà ti yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ọdún 1995 lẹ́yìn tí ìjọba ológun pa Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn.

Bọ́ọ̀lù tí ilé ìgbafẹ́ ń yá oníbàárà, ní Abuja tàbí níbòmíràn, ike polyester ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ó le, ó ń dán, wọ́n sì lu ihò rẹ̀ gbàràmù-gbaramu kí ó lè gba ọwọ́ ẹnikẹ́ni, tí ìka yóò fi wọ̀ ọ́ dé oríkèé kejì. Ó wúlò fún ìgbafẹ́, ó sì lálòpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí bí apá ṣe lè mókun tó tí yóò fi mú un yà lórí epo púpọ̀ bí ti rẹ́sínì tí wọ́n wọn ọwọ́ ẹni kí wọ́n tó lu ihò sí i.