Gòjé Ló Ṣáájú Káúbọ̀ì: Orísun Gìtá Irin nínú Orin Jùjú

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ orin máa ń sọ nípa gìtá tí ohùn rẹ̀ ń yọ́ tìnrín nínú orin Sunny Adé, olórin jùjú, ni pé ọ̀dọ̀ àwọn káúbọ̀ì Amẹ́ríkà ló ti wá, pé àwo orin Jim Reeves àti ti àwọn olórin kántírì ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n gbajúmọ̀ gidi ní Nàìjíríà, ni àwọn olórin jùjú gbọ́ títí tí wọ́n fi wá irú ohun èlò náà rà, tí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ́ okùn rẹ̀. Ìtàn náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti ṣìnà ni pé ó sọ ibi tí a ti rí irinṣẹ́ di orísun iṣẹ́ tí a fi irinṣẹ́ ọ̀hún ṣe.

Lílọ́ okùn ni fífa okùn gìtá le tàbí dídẹ̀ ẹ́ títí tí ohùn rẹ̀ yóò fi bọ́ sí ibi tí ata-gìtá ń fẹ́. Gìtá tí ó wọ́pọ̀ ní okùn mẹ́fà, tí a máa ń lọ́ sí E, A, D, G, B àti E, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ohùn rẹ̀ wálẹ̀ jù; ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ata-gìtá ni kò fara mọ́ ìlànà yìí, nítorí pé bí a bá dẹ díẹ̀ nínú àwọn okùn náà kí gbogbo wọn lè di D, G, D, G, B àti D, odindi kọ́ọ̀dù, èyíinì ni àkójọ ohùn tí ó bára mu, yóò dún láìfi ìka tẹ okùn kankan. Ohun èlò tí à ń pè ní pedal steel, èyíinì ni gìtá irin inú orin Sunny Adé, lọ jìnnà ju èyí lọ. Okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń ní, ó ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, ọ̀pá irin tí olórin ń yọ́ lórí okùn ló dípò ìka, àwọn pẹ́dà tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló sì ń yí ohùn okùn padà bí orin ti ń lọ lọ́wọ́. Nínú ìlànà E9 tí àwọn onígìtá kántírì fẹ́ràn jù, pẹ́dà kan ń fa B gòkè di C♯, òmíràn ń fa G♯ di A, tí a bá sì tẹ méjèèjì pọ̀, kọ́ọ̀dù E ti di ti A.

Àwọn káúbọ̀ì gan-an kọ́ ló dá gìtá irin sílẹ̀. Láyé ọba Kamehameha Kẹta, ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840, àwọn adaran ará Mẹ́síkò dé sí erékùṣù Hàwáì pẹ̀lú gìtá wọn, àwọn ọmọ ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀ sí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ó bá orin wọn mu. Bí ó bá jẹ́ pé káúbọ̀ì kankan lọ́wọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí rárá, àwọn wọ̀nyí ni, gìtá lásán ni wọ́n sì mú wá. Ní ìparí ọ̀rúndún náà ni Joseph Kekuku, ọmọ Lāʻie, gbé gìtá lé itan tí ó ń fi irin yọ́ lórí okùn. Ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 1915 ló gbé orin Hàwáì káàkiri Amẹ́ríkà, débi pé nígbà tí Jimmie Rodgers, tí àwọn olórin kántírì ń pè ní bàbá wọn, ń ṣe àwo ní 1929, ọmọ Hàwáì kan, Joseph Kaipo, ló ń ta gìtá irin fún un. Ó di 1954, nínú orin tí Webb Pierce pè ní Slowly, kí etí àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbọ́ bí Bud Isaacs ṣe ń tẹ pẹ́dà tí ohùn ń yí padà láàrin orin. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní jùjú yá nǹkan lọ́wọ́ káúbọ̀ì, ọwọ́ ẹni tí òun náà yá a lò ló nà sí.

Sunny Adé fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé pé kì í ṣe ìfẹ́ ohun tuntun ló mú òun kó irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wọ inú jùjú, bí kò ṣe pé wọ́n dípò àwọn ohun èlò ìbílẹ̀ tí ó ṣòro láti rí tàbí láti gbé rìnrìn-àjò, àti pé pedal steel dúró fún ohun èlò olókùn ilẹ̀ Áfíríkà tí a ń fi ọrun ta, irú èyí tí Yorùbá mọ̀ sí gòjé. Ẹ̀rí tí ó ti ẹnu ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà jáde yìí wúwo ju àbá àwọn tí ó gbọ́ orin náà lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Ọ̀dọ̀ Haúsá ni gòjé ti dé ọ̀dọ̀ Yorùbá. Igbá tí a fi awọ bò ni ara rẹ̀, irun ẹṣin ni okùn rẹ̀, òun sì ni ohùn tí ó ń tẹ̀lé akọrin sákárà lẹ́yìn. Ní Abẹ́òkúta ni Yusuf Ọlátúnjí, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Lẹ́gbàá, ti sọ sákárà di ìlú mọ̀ọ́ká kí ó tó kú ní 1978.

Ìdí tí gìtá lásán kò fi lè ṣe iṣẹ́ gòjé hàn nínú èdè. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó dábùú ọrùn gìtá ń gé ohùn sí ẹyọ-ẹyọ, nígbà tí ohùn òkè tí ó bá tẹ̀lé ti ìsàlẹ̀ nínú Yorùbá, bí a bá pe ìwé, máa ń gòkè yọ́ọ́, tí ti ìsàlẹ̀ tí ó bá tẹ̀lé ti òkè, bí a bá pe rárà, sì máa ń yọ́ wálẹ̀. Onídùndún ń fún ọṣán kí ìlù lè yọ́ bẹ́ẹ̀, ìka atagòjé ń yọ́ lórí okùn tí kò ní irin kankan lábẹ́, ọ̀pá irin pedal steel sì ń ṣe bákan náà. Olórin tí etí rẹ̀ ti mọ ìyọ́hùn yìí láti kékeré kò nílò káúbọ̀ì tí yóò kọ́ ọ.

Ojú irin rélùwéè tí ó ti Èkó gba Àgbàdo àti Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta náà ń jẹ́rìí sí i. Ìpẹ̀kun kan rẹ̀ wà ní Èkó, níbi tí Túndé King ti ń ta gìtá-bánjò ní Olówógbówó nígbà tí jùjú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba orúkọ. Ìpẹ̀kun kejì wà ní Abẹ́òkúta, ìlú Bàbá Lẹ́gbàá. Ní Ìfọ̀ ni ẹ̀ka kan ti yà lọ sí Ìdógò, níbi tí a ti bí Ebenezer Obey, olórin jùjú, ní 1942. Agbègbè yìí wà láàrin jùjú àti sákárà. Kò sì bọ́gbọ́n mu kí a fò ó kọjá lọ wá orísun ohùn yìí sí òkè òkun.

A gbà pé àwo kántírì ló jẹ́ kí a mọ̀ pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wà lọ́jà. Síbẹ̀, ọ̀nà tí Dèmọ́lá Adépọ̀jù gbà ta á nínú ẹgbẹ́ African Beats ti Sunny Adé yàtọ̀ pátápátá: dípò kí ó na kọ́ọ̀dù sábẹ́ ohùn akọrin bí ti kántírì, ẹyọ ohùn kọ̀ọ̀kan ló ń yọ, tí ó fi ń dá ègbè àti gángan lóhùn. A ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nílé kí ilé-iṣẹ́ Island tó gbé àwo Juju Music jáde fún ayé ní 1982. Nígbà tí Paul Simon, olórin ará Amẹ́ríkà, sì kọ orin nípa ìrìnàjò sí ilé Elvis Presley ní Memphis, láàrin gbùngbùn ilẹ̀ tí wọ́n ní a ti jí gìtá irin gbé, tí ó fi sọ àwo rẹ̀ ní Graceland ní 1986, Adépọ̀jù ni pedal steel rẹ̀ ń dún nínú orin náà.