Ìwé Aláwòrán Láti Òpópónà Ọba Akran

Ọmọ tó bá rí ẹni tó jọ ọ́ nínú ìwé kì í fojú tín-ín-rín ara rẹ̀. Àwọn àgbà wa mọ èyí. Ìwé Aláwìíyé, tí J. F. Ọdúnjọ kọ, fi ilé wa, oúnjẹ wa àti eré wa kọ́ ọmọ Yorùbá ní ìwé kíkà.

Longman tó tẹ̀ ẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1961. Òpópónà Ọba Akran, n'Ìkẹjà, láàárín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá, ló di ibùjókòó rẹ̀. Ní 2011, orúkọ rẹ̀ di Learn Africa. Ní Orégùn, ilé ìtẹ̀wé Literamed náà ń tẹ ìwé ìtàn Lantern fún àwọn ọmọdé.

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi l'Ágége, mo máa ń kọjú àwòrán sí wọn bí mo ṣe ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sókè. Ọmọ kan tí wọ́n máa ń fi àwọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nawọ́ sí ọmọbìnrin dúdú kan tó di ṣùkú nínú àwòrán, ó ní, "Àǹtí, èmi rèé!" Mo ní kó tún un sọ, kí gbogbo kíláàsì gbọ́.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó tó kí ẹ ka ojú ewé kan fún ọmọ yín.