Ààlè Kì í Wọlé Olè

Ní Ìjẹ̀dẹ́ níbí, ọmọ tó bá ní kọ̀ǹpútà kan péré lè máa ki orin sínú mẹ́mọ́rì kaàdì fún ẹni tó bá sanwó. Olórin kì í rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wá bi mí pé: bí olórin bá gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà náà, tó dojú ẹ̀ dé, ta ló máa dá a lẹ́bi?

Wọ́n ti bèèrè é rí. Ní oṣù Keje ọdún 2002, Howard Berman, aṣòfin láti California, gbé àbá kan lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà pé kí òfin má mú oníṣẹ́ tó bá dí àwọn tó ń pín orin tàbí fíìmù rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Kò gbà kí wọ́n pa fáìlì ẹnikẹ́ni rẹ́ o. Síbẹ̀, àbá náà kò di òfin. Ní 2005, Sony BMG fi ètò kan pamọ́ sínú CD orin. Ẹni tó fowó ara ẹ̀ rà á, tó kì í bọ kọ̀ǹpútà, kò mọ̀ pé àlejò ti wọlé, pé àlejò ọ̀hún sì lè ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọ̀daràn mìíràn. Wọ́n pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó sì kó CD wọ̀nyẹn kúrò lọ́jà.

Àwọn baba wa ti ronú sí irú ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà á pa ààlè sí i: àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín. Olè tó bá fọwọ́ kàn án mọ ohun tó ń wá. Ṣùgbọ́n orí ẹrù ẹni là ń pa ààlè sí. A kì í torí igi tó sọnù já ilẹ̀kùn aládùúgbò; iwájú baálẹ̀ là ń lọ.

Ibẹ̀ náà ni òfin Nàìjíríà dúró sí. Cybercrimes Act 2015 dẹ́bi fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ẹlòmíì jẹ́ láìní àṣẹ òfin. Kò yọ olórin sílẹ̀. Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, wá ka jíjá àgádágodo tí oníṣẹ́ fi sí iṣẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyẹn ni pé òfin ń ṣọ́ ààlè rẹ̀. Oníṣẹ́ sì lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ òun kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó bá dunni níí pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ayédèrú fíìmù October 1 tí Kunle Afolayan ṣe ní 2014 dé ìgboro. Kí ni ìwé kíkọ fẹ́ ṣe fún èyí tó ti wà lọ́jà? Láti 1988 tí Decree 47 ti jáde, òfin ò wọ́n wa. Ẹni tó máa mú un ṣẹ ló wọ́n. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti pariwo.

Torí kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò òkú ìyá rẹ̀ wà nínú ẹ̀, kí iṣẹ́ àṣekágbá àbúrò rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Fọ́léfọ́lé là ń pe ẹni tó ń fọ́ ilé onílé. Ọ̀rọ̀ náà ò bèèrè ohun tó wá mú.