Àwọn Oníṣòwò Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn bí Ìhìnrere ti tàn ká Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, orúkọ àwọn tí a rán níṣẹ́ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. A ó dárúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. A ó dárúkọ Bowen tí ó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. A ó sì rántí Adéjọbí ti ìjọ Aládùúrà tí ó lọ sí Freetown ní 1947, tí ó sì lọ sí Kumasi ní 1953. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rán, tí a kò gbé ọwọ́ lé lórí, tí wọn kò sì gba owó oṣù lọ́wọ́ ìjọ kankan. Ẹrù ọjà ni wọ́n gbé rù. Nípa wọn ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé àpéjọ ti ọdún yìí.

Ọ̀nà tí ó lọ láti ilẹ̀ Yorùbá dé àríwá Ghánà ti wà kí òyìnbó tó pààlà sí i. Obì ni a ń lọ rà níbẹ̀. Orúkọ Gonja, ilẹ̀ tí ọjà Salaga wà, ni ó di gbànja lẹ́nu wa. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fìdí múlẹ̀ ní Gold Coast, tí ọ̀nà sì tòrò, àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà àti Ìlọrin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lọ́wọ̀ọ́wọ́, títí a fi ń gbọ́ èdè Yorùbá ní ọjà Tamale, ní Yendi, ní Bawku àti ní Kumasi. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1960, Yorùbá tí ó wà ní Ghánà tó nǹkan bí 100,000. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Kristẹni. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ ni ó ti gba ẹ̀kọ́ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n sì mú Bíbélì Yorùbá dání lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú òwò tí wọ́n ń ṣe, nítorí inú òwò náà ni ẹ̀rí wọn wà. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe olówó ńlá. Wọn a ra páálí ọjà kan, wọn a sì tú u tà ní wẹ́wẹ́: ìṣáná, ṣúgà, abẹ́rẹ́, òwú. Tálákà tí kò lè ra odindi a rí ìdajì rà lọ́wọ́ wọn, ẹni tí kò sì ní owó lọ́wọ́ a gbà á ní àwìn. Nínú irú òwò bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìdánwò ń bọ̀, ó sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè fojú fò ó. Ìka mélòó ni a ó yọ lára ọ̀pá aṣọ? Ẹni tí kò gbọ́ èdè wa, tí kò mọ̀wé, tí ó na owó sí wa láì kà á, kí ni a ó ṣe sí i? Oníbàárà ọmọ ilẹ̀ Dagomba kò lè ka Bíbélì Yorùbá. Ọwọ́ tí ń wọn aṣọ fún un ni ó lè kà.

Nǹkan mìíràn sì tún wà. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọ̀sẹ̀ ọjà ilẹ̀ Dagomba, kì í ṣe méje. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tiwa, ọjọ́ ọjà a bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi gan-an. Ẹni tí ó bá kó àtẹ rẹ̀ sílé ní ọjọ́ náà yóò pàdánù èrè, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò sì rí i pé ó pàdánù. A kò ní tàn yín pé gbogbo wọn ni ó yege. Ẹlẹ́ran ara ni wọ́n, bí àwa náà.

Nínú ilé àti àgbàlá ara wọn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń péjọ fún àdúrà, láìsí àlùfáà. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ará Amẹ́ríkà gba Nàìjíríà dé Kumasi ní 1947, ìjọ àwọn oníṣòwò ti wà nílẹ̀ ṣáájú wọn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ èyí tí ó korò. Ní ọ̀pọ̀ ibi, Yorùbá ni wọ́n fi ń wàásù, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọrin. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ó wà lájò a máa fẹ́ gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra aṣọ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó fẹ́ mọ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí wọ́n gé ọ̀pá, bí ó bá tẹ̀lé wọn dé ilé ìsìn ní ọjọ́ kejì, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Àtẹ wọn ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èdè. Ilé ìsìn wọn kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú wá a gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí wọ́n jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ka ìwé yìí ni a kò tí ì bí nígbà náà. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀. Àwìn tí wọ́n ti tà di èyí tí wọn kò rí gbà mọ́. Ẹni tí ó bá ka Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí kejìdínlógún yóò rántí Akuila àti Priskilla. Klaudiu lé wọn jáde ní Romu pẹ̀lú àwọn Júù yòókù; wọ́n dé Kọ́ríńtì, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgọ́ pípa wọn, ilé wọn sì ni Pọ́ọ̀lù wọ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ Apollo ní Éfésù, àwọn tí kì í ṣe oníwàásù.

Ìjọ tí àwọn tiwa fi sílẹ̀ ńkọ́? Ibi tí ọmọ onílẹ̀ ti wà nínú ìjọ, àwọn ni wọ́n gbé ẹrù náà, Ìjọ Onítẹ̀bọmi sì wà ní Ghánà títí di òní. Ibi tí Yorùbá nìkan ti ń péjọ, ìjókòó ṣófo.

Àwọn Akan ṣì ń pe ọṣẹ dúdú ní alata samina; alata ni orúkọ tí wọ́n ń pè wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà pẹ̀lú pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ogunlọ́gọ̀ ará Ghánà ni ó bá a lọ. Àpò tí wọ́n di ẹrù wọn sí ni a sì ń pè ní Ghana-Must-Go nínú ilé wa. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ti kọ́ ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn mìíràn sì ń bá wa jọ́sìn. Àwọn àgbà ìjọ wa tí ọdún náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè. Kí àwọn ọ̀dọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí ìjọ wọn ṣe fún àwọn àlejò náà ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn.