Lápàdé, Olúṣínà àti Àwa Tí A Kò Lè Gbé Ìwé Sílẹ̀

Ẹni tó bá máa ń ra ìwé àlòkù ní Dúgbẹ̀ n'Íbàdàn mọ̀ pé ẹ̀yìn ìwé ni èèyàn ń kọ́kọ́ ṣí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ka òpin ìtàn kí ó tó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá òpin ọ̀hún ṣì wà níbẹ̀ ni. Ìwé ìṣirò kì í sábà ní ìṣòro yìí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló ní in, nítorí ọwọ́ tó ti gbà kọjá ti pọ̀ jù: ẹ̀gbọ́n kà á, àbúrò jí i kà, aládùúgbò yá a, ọmọ iléèwé fi sínú ìwé mìíràn kí tíṣà má baà rí i. Ẹ̀dà Àgbàlagbà Akàn, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí mo kọ́kọ́ ní, àwọn ojú ewé tó gbẹ̀yìn ti já lọ kí n tó rà á. Ọdún méjì ni mo fi ń wá ẹni tí yóò sọ bó ṣe parí fún mi. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ̀ jálẹ̀. "Lọ wá ìwé," ni gbogbo wọn ń wí.

Ebi àtimọ bí ìtàn ṣe parí yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Kò sí àjèjì tó kọ́ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń dá ìtàn dúró níbi tó ti ń dùn. Apàlọ́ tó mọṣẹ́ yóò gbé Ìjàpá dé ẹnu ọ̀nà àná rẹ̀, yóò dákẹ́, yóò wá gbé orin, àwọn ọmọdé yóò sì máa gbè é títí ara wọn kò fi ní gbà á mọ́. Ohun tí ìwé ìròyìn wá fi kún un ni pé ó sọ ìdákẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan di ìdákẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Lóṣù keje ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ní òun ti lẹ́wà rí, àwọn ọkùnrin ti du òun rí, àmọ́ àìsàn ló kù tí òun ń bá gbé. Láti orí ibùsùn yẹn ló ti ń padà sí ìgbà èwe rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Àwọn òǹkàwé gbà pé èèyàn gidi ni. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí olóòtú, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó lè jẹ́, a sì gbọ́ pé àwọn kan fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní odindi ìwé lọ́dún 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kankan kò sí nínú rẹ̀. Síbẹ̀, èmi gbà pé ibẹ̀ ni ìfẹ́ tí mò ń sọ yìí ti kọ́kọ́ hàn gbangba nínú ìwé: ẹgbẹ̀lẹ́gbẹ̀ èèyàn tí kò mọ ara wọn, tí gbogbo wọn ń bèèrè ìbéèrè kan náà lọ́jọ́ kan náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni igbó dé. D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde lọ́dún 1938, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá sì wọ inú igbó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó ń dẹ́rù bani bí i rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù yàtọ̀ sí ìfura. Àkàrà-ògùn fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ń rò fún wa, nítorí náà a mọ̀ pé kò kú síbẹ̀. Ohun tí a ń retí ni ìyanu tó kàn. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè pé ta ló ṣe é. Ìbéèrè yẹn ní láti dúró de ìlú ńlá, níbi tí èèyàn ti lè gbé ilé kan náà pẹ̀lú olè fún ọdún mẹ́ta kí ó má mọ̀. J. Akin Ọmọ́yájowó gbìyànjú rẹ̀ nínú Ìtàn Adégbẹ̀san lọ́dún 1961, ìwé tó yẹ kí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa dárúkọ jù bí wọ́n ti ń ṣe lọ.

Ìlú ńlá ọ̀hún ń dìde lójú gbogbo ayé nígbà náà. Yunifásítì ti wà n'Íbàdàn láti 1948. Oxford University Press ṣí ọ́fíìsì síbẹ̀ lọ́dún 1949, Onibonoje bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtẹ̀wé tirẹ̀ lọ́dún 1958. Lóṣù kẹwàá ọdún 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn kan náà. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń kọ́ àwọn ilé Bódìjà. Ilé Kòkó, alájà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, parí ní Dúgbẹ̀ lọ́dún 1965. Àmọ́ ohun tó ṣe pàtàkì jù fún ìtàn mi ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn dá sílẹ̀ lóṣù kìíní ọdún 1955. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó wọ iléèwé lọ́dún yẹn ti pé ogún ọdún ní 1969. Ó lè kàwé Yorùbá geere, ó ti jáde ní abúlé, ó ń wáṣẹ́ ní ìgboro, ó ń sùn sí yàrá kan ní ilé onílé. Ó ti tó ẹni tí wọ́n ń kọ ìwé mìíràn fún.

Ọdún 1969 yẹn gan-an ni Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde.

Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí Òkédìjí sí lọ́dún 1929, tíṣà sì ni. Akọni tó dá sílẹ̀ kì í ṣe ọdẹ, kò sì ní oògùn nínú àpò. Lápàdé ni orúkọ rẹ̀, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò sì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Alábàárìn rẹ̀ ni Tàfá Ìgírípá, oníjàgídíjàgan tí èèyàn lè fẹ́ràn kó tún máa bẹ̀rù. Olè àti oníṣòwò igbó ni wọ́n ń lépa, mọ́tò ni wọ́n fi ń lépa wọn, ojú títì tí òǹkàwé ti gbà kọjá rí ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń ṣẹlẹ̀. Ojú títì yìí ni mo rò pé ó mú àwọn èèyàn jù. Ewu kò sí ní igbó àwọn irúnmọlẹ̀ mọ́. Ó wà ní gáréèjì, ó wà nínú yàrá tó kángun sí tìrẹ.

Èdè rẹ̀ ńkọ́? Tíṣà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò kọ èdè inú kíláàsì. Àwọn èèyàn rẹ̀ ń bú ara wọn bí a ṣe ń búra wa ní gáréèjì, wọ́n ń pa òwe lé ara wọn lórí nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ ẹnì kan nínú wọn. Ẹlòmíràn lè rò pé òwe á dá eré dúró. Iṣẹ́ tí apàlọ́ ń fi orin ṣe gan-an ni Òkédìjí ń fi òwe ṣe: ọ̀tá ti na ọwọ́, ìwọ sì ní láti dúró gbọ́ ohun tí àgbà fẹ́ sọ.

Lọ́dún 1971 ni Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá rántí ọdún yẹn mọ ìdí tí ìwé náà fi wọlé sí ọkàn àwọn èèyàn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ni, ìbọn pọ̀ nílùú, ìjọba sì ti ṣe òfin lọ́dún 1970 pé ikú ni èrè adigunjalè. Lóṣù kẹsàn-án 1971, wọ́n yìnbọn pa adigunjalè Oyènúsì ní etíkun Bar Beach l'Ékòó lójú ọ̀pọ̀ èrò. Kò sí ilé tí wọn kò ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tí Lápàdé bá wá kan ilẹ̀kùn àwọn ọ̀daràn, òǹkàwé ti ní ojú tó fẹ́ fi sí wọn.

Kọ́lá Akínlàdé, ọmọ Ayétòrò tí wọ́n bí lọ́dún 1924, gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, Akin Olúṣínà, kì í sáré púpọ̀. Ó ń bèèrè ọ̀rọ̀, ó ń ṣe àkíyèsí, ó ń fi ohun tí ẹni àkọ́kọ́ sọ wé ti ẹnì kẹta. Nínú Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde lọ́dún 1976, gbogbo ohun tí Olúṣínà rí ni ìwọ náà ń rí. Bí o kò bá mọ apànìyàn, o kò lè bínú sí òǹkọ̀wé. Ìdí nìyí tí ìwé Akínlàdé fi dára fún ẹni méjì tó jọ ń kà á. Ẹ óò fi tẹ́tẹ́ lé e, ẹ óò jà lé e lórí. Ti Òkédìjí, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kà á, lóru, tí kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun. Wọ́n máa ń bi mí pé èwo ni mo yàn. Lápàdé ni, láìṣiyèméjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Olúṣínà ló ń yanjú ọ̀ràn lọ́nà tó mọ́ jù.

Kì í ṣe apànìyàn nìkan ló ń fa òǹkàwé. Lọ́dún 1974, Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú, ìtàn Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti Àṣàkẹ́, Lọ́lá àti Ṣadé. Ta ni yóò fẹ́? Ìbéèrè kan yìí gbé odindi ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, tí wọ́n ń sọdá títì wọ ọgbà yunifásítì lójoojúmọ́, ń ka ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà tiwọn. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù lọ́dún 1997, àwọn ìyá tó ti kà á nígbà tí wọ́n wà lómidan jókòó ti ọmọ wọn, wọ́n sì ń sọ fún un pé kó fara balẹ̀, ó kù díẹ̀.

Orogún àwọn ìwé wọ̀nyí wà, a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. James Hadley Chase, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń kọ ìtàn ọ̀daràn láti 1939, ìwé pélébé rẹ̀ sì kún orí àtẹ ní Dúgbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1977 ni Macmillan bẹ̀rẹ̀ ọ̀wọ́ ìwé Pacesetters lédè Gẹ̀ẹ́sì, Director! tí Agbo Areo kọ wà lára àwọn tó ṣíwájú, ọ̀wọ́ náà sì lé ní ọgọ́rùn-ún kó tó dáwọ́ dúró. Ní iléèwé, Pacesetters méjì la fi ń gba Chase kan. Àwọn òǹkàwé kan náà ni gbogbo wa: a ka Chase lọ́sàn-án, a ka Lápàdé lálẹ́. Fún ẹni tí kò rójú ka lẹ́tà púpọ̀, Atọ́ka wà láti nǹkan bí 1967, ìwé àwòrán tí àwọn òṣèré tíátà ń fi ara wọn ṣe ìtàn nínú rẹ̀, tó sì máa ń já ìtàn níbi tó bá dùn jù.

Kí ló wá mú kí àwọn ojú ewé já? Owó ni. Láti 1986 tí ìjọba ti ṣe ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, tí iye náírà já wálẹ̀, bébà di ohun ọ̀wọ́n. Àwọn òǹtẹ̀wé kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ ohun tí kò sí nínú ìwé ìdánwò mọ́. Ìtàn tí kò bá bọ́ sínú ìwé tí ìjọba yàn fún iléèwé, ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ ni a ń kà á kiri. Ẹ̀dà kan lè bá ogún èèyàn gbé. Ó dùn mí gan-an, nítorí ogún èèyàn yẹn ì bá ti ra ogún ìwé. Òkédìjí kò tìtorí èyí dákẹ́. Lọ́dún 2007, ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn Àgbàlagbà Akàn, ó gbé Kárìn Ká Pọ̀ jáde, Lápàdé sì padà sójú títì.

Àwọn ọ̀dọ́ òǹkàwé tí mò ń bá pàdé ní Bódìjà àti Chálẹ́ǹjì báyìí ń fẹ́ ìtàn tó ń fò láti ìgbà dé ìgbà: ẹnì kan kúrò ní òní, ó bọ́ sí àná, ó sì ní wákàtí díẹ̀ láti dá ohun búburú kan dúró. Láti ìgbà tí H. G. Wells ti kọ The Time Machine lọ́dún 1895 ni àwọn òyìnbó ti ń kọ irú rẹ̀. Kò jìnnà sí wa rárá. A ní egbé, a ní kánàkò tó ń ká ọ̀nà kò. A ní àkúdàáyà tó kú níbì kan tó tún ń ná ọjà níbòmíràn. A sì ní ẹni tí a ń pè ní Babátúndé. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti rí i. Rosewater tí Tade Thompson kọ lọ́dún 2016, tó gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke lọ́dún 2019, ń gbé òǹkàwé lọ gbé e bọ̀ láàárín ọdún tí kò tíì dé, ní ìlú kan ní Nàìjíríà. Wole Talabi, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 2023, rán Ṣìgìdì lọ jí orí idẹ Ọbalùfọ̀n gbé ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, òun náà kò sì jẹ́ kí ọjọ́ tẹ̀ léra. Mo fẹ́ ka irú rẹ̀ lédè Yorùbá, kí ẹnì kan wọ ẹ̀rọ agbéniròkè ní Ilé Kòkó lónìí, kó jáde sí 1965, kí símẹ́ńtì rẹ̀ má tíì gbẹ, kí ẹni tó fẹ́ pa baba rẹ̀ sì ti máa gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́, tèmi ni ẹ̀dà àkọ́kọ́.

Ní ti Àgbàlagbà Akàn mi, ìsọ̀ ìwé kan ní Agbowó ni mo ti padà rí èyí tó pé. N kò dúró dé ilé. Orí ìdúró ni mo ti ka ohun tó ṣẹ́ kù, kí n tó sanwó, tí ọmọkùnrin tó ń bá ọ̀gá rẹ̀ tajà sì ń wo ojú mi bó ṣe ń yí padà. Nígbà tí mo pa ìwé dé, ó bi mí bó ṣe parí.

Mo ní kó lọ wá ìwé.